Ọkùnrin Tí Kò Ríbi Sunkún

Kí ni a ti mọ̀ nípa ikú? Ẹ má kánjú dáhùn. A mọ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

A mọ bí a ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. A ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù." A ó ní kí Ọlọ́run dáwọ́ ibi dúró, kí ó jẹ́ kí ọjọ́ jìnnà síra. A mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ láì sọ ọ́: ọba wàjà, àgbàlagbà sùn, ẹni yìí papò dà, ẹni yẹn dágbére fáyé. A sì mọ̀ pé a kì í ṣàdédé sọ fún òbí pé ọmọ rẹ̀ ti kú. A ó kọ́kọ́ fi pamọ́ fún un. A ó wá ẹni tí yóò jókòó tì í. A ó gbé omi sí tòsí. Gbogbo èyí dára, ọgbọ́n sì wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ìbéèrè kan yẹ̀ wò. Bí a bá ti fi ọ̀rọ̀ ikú pamọ́ tán, ta ni yóò padà lọ ṣí i? Ìgbà wo ni yóò ṣí i, níbo sì ni? Èyí ni a kò tíì kọ́ dáadáa. Ìtàn kan ni n ó fi ṣe àkàwé rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kékeré kan. Bíríkìlà ni. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo, Àkàngbé, tí í ṣe awakọ̀ akẹ́rù, tó máa ń lọ kó àlùbọ́sà wá láti òkè ọya. Ìyá wọn ti darúgbó, ọ̀dọ̀ bíríkìlà yìí ló sì ń gbé. Bí Àkàngbé bá ti wálé, á sọ àpò àlùbọ́sà kan sí ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, á jókòó ti àpò náà, òun àti ìyá rẹ̀ á sì jọ máa ṣàwàdà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kì í ṣe pé Àkàngbé kò ní àléébù. Bí wọ́n bá ń retí rẹ̀, kì í tètè dé. Bí wọ́n bá pè é lórí fóònù, kì í gbé e. Àbúrò bàbá wọn kan wà nínú agbo ilé náà tí kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí ó má bú u. "Àlàyé tó wà lẹ́nu ẹ̀ pọ̀ ju àlùbọ́sà tó wà lọ́kọ̀ ẹ̀ lọ," ni bàbá yìí máa ń wí. Ìyá náà á gbè é lẹ́sẹ̀, á ní bí òun bá ran Àkàngbé lọ pe olóògùn, àìsàn náà á ti san kí ó tó dé.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n pe bíríkìlà láti òkè ọya pé àìsàn ti dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gúnlẹ̀. Kí ó tó dé ibẹ̀, Àkàngbé ti kú. Àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá a sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn wọn ti wí. Àbúrò da erùpẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n, ó sì wọ ọkọ̀ padà sílé.

Àwọn ẹbí ti dúró dè é ní ojúde. Àbúrò bàbá wọn ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ìyá yín. Tó bá gbọ́ èyí lónìí, méjì la ó sin. Ẹ fi bò."

"Títí dìgbà wo, Bàbá?"

"Títí ara rẹ̀ á fi le."

Kò sí ẹni tó béèrè bí ara arúgbó ṣe ń padà le. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé àwọn á sọ pé Àkàngbé ti ríṣẹ́ sí Kamẹrúùnù, àti pé nẹ́tíwọ̀kì kò sí ní apá ibi tó wà. Bíríkìlà wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ohun tí wọ́n ní kí ó sọ.

Ẹ kíyè sí bí irọ́ kékeré ṣe ń dàgbà nínú ilé. Kì í pẹ́ tí a fi ń wá oúnjẹ fún un. Àwọn tó wá kí wọn kú ọ̀fọ̀ ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Bí wọ́n bá ti dé ẹnu ọ̀nà ìyá, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń bọ̀ láti ibi ìsọmọlórúkọ. Ìyàwó Àkàngbé, tó ń ṣe opó, á bọ́ aṣọ opó sí ilé aládùúgbò, á wọ aṣọ olódòdó, kí ó tó wá kí ìyá ọkọ rẹ̀. Àbúrò bàbá wọn pàápàá kò bú Àkàngbé mọ́. "Ọmọ dáadáa lọmọ yẹn," á wí. "Ọmọ tó mọyì ìyá ẹ̀."

Nígbà tó yá, bíríkìlà lọ ra àlùbọ́sà lọ́jà, ó gbé e wá síwájú ìyá rẹ̀.

"Bọ̀dá ló fi èyí ránṣẹ́, Màmá."

Ìyá mú ẹyọ kan, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Pupa lèyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń gbé wá. Funfun lèyí. Ṣé wọ́n máa ń fọ àlùbọ́sà ní Kamẹrúùnù ni?"

"Irú tibẹ̀ nìyẹn, Màmá."

"Ó dáa. Bá mi kí i. Ní kí wọ́n má fọ èyí tó bá tún ń bọ̀."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà ló ń pa bíríkìlà. Bí ó bá ń po sìmẹ́ńtì níbi iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á ṣàdédé dúró, á máa wo ilẹ̀, àwọn lébìrà rẹ̀ á sì ní, "Ọ̀gá, sìmẹ́ńtì ń gan o!" Bí ó bá délé, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yá. Orúkọ tó ti ń pè láti kékeré, kò lè pè é mọ́ àfi bí ó bá fẹ́ parọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i.

"Bàbá Rùkáyà," ó wí, "ẹ̀yin gan-an ò tíì sunkún Bọ̀dá."

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀. Ó wo ojúde, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀.

"Níbo ni n ó ti sun ún?"

Ìyàwó rẹ̀ wá sọ fún un nípa ìjókòó kan. Nọ́ọ̀sì kan wà ní ìlú náà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, bí àwọn ọmọ iléèwé bá ti lọlé tán, obìnrin yìí máa ń ṣí kíláàsì kan ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ lè wá jókòó níbẹ̀, kí ó sọ̀rọ̀ nípa ikú láì fi ohunkóhun bò. Nọ́ọ̀sì náà kì í wàásù. Ohun kan ni ó máa ń bẹ̀ wọ́n, pé kí wọ́n má ṣe fi àdúrà dá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu kọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n, àbí? Ẹnìkan á ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu pé, "Nígbà tí ọmọ mi kú," a ó ti ké pé, "A ò ní rí irú ẹ̀ mọ́!" Àmín á sọ, ọ̀rọ̀ á sì tán lẹ́nu onítọ̀hún. "Àdúrà wà," ni nọ́ọ̀sì máa ń wí. "A ó ṣe é tá a bá fẹ́ lọlé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tá a fẹ́ gbàdúrà sí."

Àwọn ará ìlú kan ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹgbẹ́ Apekú ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹni tó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé náà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ á ta ìka yí orí ká, á sì yára ẹsẹ̀.

Bíríkìlà lọ ní Ọjọ́bọ̀ kan, ṣùgbọ́n kò wọlé. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ fèrèsé bí ẹni tó ń sinmi. Ó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan nínú kíláàsì, tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó rẹ̀ tó kú.

"Ariwo ẹ̀ ni mò ń wá. Tí mo bá bọ́ bàtà sáàárín ilé, kò ní gbà. Á pariwo títí n ó fi gbé e kúrò. Ní báyìí, bàtà wà láàárín ilé, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Mo tún bọ́ òmíì sí i..."

"Olúwa má jẹ̀ẹ́ ká rógun àdánwò!" ni bàbá arúgbó kan ké.

"Bàbá!" ni gbogbo wọn wí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ má bínú. Ó já bọ́ lẹ́nu mi ni."

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà, ó já bọ́ lẹ́nu yín."

"Ẹnu àgbà ni. Ó ti mọ́ ọn lára."

Ẹ̀rín sọ. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó sunkún, kò sì sí ẹni tó ní kí ó pa á mọ́ra bí ọkùnrin. Bíríkìlà tó wà níta gbọ́ ẹkún àgbà ọkùnrin láàárín àwùjọ. Ó rí i pé òrùlé iléèwé kò tìtorí rẹ̀ wó.

Ó pinnu pé bí Ọjọ́bọ̀ mìíràn bá dé, òun á wọlé, òun á dárúkọ ẹ̀gbọ́n òun. Ní gbogbo ìlú náà, ibẹ̀ nìkan ló mọ̀ tí ọ̀rọ̀ kò ti ní ta sí ìyá rẹ̀ létí.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, wọ́n ń da kọnkéré níbi iṣẹ́, kò sì lè fi í sílẹ̀ ní àdátì, nítorí náà ó pẹ́. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ iléèwé wọlé pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lẹ́sẹ̀. Ó ti na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn nígbà tó gbọ́ ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì. Ohùn ìyá rẹ̀ ni, ìyá tó ti sọ fún wọn nílé pé òun ń lọ dirun, tí wọ́n sì ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé irun wo ló kù lórí Màmá tí wọ́n fẹ́ dì.

"Àkàngbé lorúkọ ọmọ mi," ni ìyá ń wí. "Ó ti kú. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Màmá?" ni nọ́ọ̀sì béèrè.

"Kò sẹ́ni tó bú u mọ́."

Ìyá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ọmọ mi kì í gbé fóònù, kì í tètè délé. Gbogbo wa la máa ń bú u. Àbúrò ọkọ mi ni ọ̀gá níbẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kan mọ́, Àkàngbé di ọmọ dáadáa lẹ́nu gbogbo wọn. Ṣé Kamẹrúùnù ni wọ́n ti ń tún ìwà ṣe ni? Alààyè là ń bú, ẹ̀yin èèyàn mi. Òkú là ń yìn."

"Ṣé ẹ ti sọ fún wọn pé ẹ mọ̀?"

"N ò lè sọ ọ́. Wọ́n á ní ta ló sọ fún un, wọ́n á máa fura síra wọn. Wọ́n ti ṣe wàhálà jù nítorí mi. Àbúrò ẹ̀ tí mò ń bá gbé, á ti ibi iṣẹ́ dé, á rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀rín náà kì í dé ojú ẹ̀. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, kó má baà rò pé làálàá òun já sásán. Ilé wa kún fún ẹ̀rín, kò sì sẹ́ni tí inú ẹ̀ dùn."

"Kí lẹ wá fẹ́, Màmá?"

"Mo ti dàgbà. N ò fẹ́ tẹ̀lé ọmọ mi lọ láì tíì sunkún ẹ̀. Mo fẹ́ sun ún nínú ilé mi, kí àbúrò ẹ̀ jókòó tì mí. Ìyẹn náà ni."

Bíríkìlà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó lè padà sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó rí i. Bí ó bá padà, òun àti ìyá rẹ̀ á máa bá ẹ̀rín wọn lọ títí ikú á fi ya àwọn náà. Ó ti ilẹ̀kùn.

Gbogbo wọn yíjú. Bàbá arúgbó náà ti la ẹnu fún àdúrà. Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ sókè sí i, bàbá náà sì pa ẹnu dé. Ìyá wo ọmọ rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò fọ ẹsẹ̀?"

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ kíláàsì.

"Màmá, Bọ̀dá ti kú."

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé ìyá ti mọ̀. Síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé àyà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ẹ rò ó wò. Ó ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ̀ kò tíì fi ẹnu sọ ọ́ fún un rí. Mímọ̀ yàtọ̀ sí gbígbọ́.

"Mo gbọ́," ó wí. "O ṣeun tí o sọ fún mi. Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ Bọ̀dá ni, Màmá. Abẹ́ igi dóńgóyárò la sin wọ́n sí. Ibẹ̀ tutù."

"Ṣé ó béèrè mi?"

"N ò bá wọn láàyè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló ní ohun tí Bọ̀dá béèrè kẹ́yìn ni bóyá àlùbọ́sà yín ṣì kù."

Omi gba ojú ìyá. Ó di apá ọmọ rẹ̀ mú, ó sì gbìyànjú láti dìde. "Mú mi lọlé," ó wí. "Má jẹ́ ká sun ún tán síbí."

Wọ́n délé. Ìyá jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, ó sì ké pe Àkàngbé ní ohùn tí ilé kẹta gbọ́. Bíríkìlà jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sun ẹkún tí kò ríbi sun láti ọjọ́ tó ti òkè ọya dé. Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyàwó Àkàngbé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wọlé pẹ̀lú aṣọ opó lọ́rùn, ìyá sì fà á mọ́ra. Àbúrò bàbá wọn sáré dé pẹ̀lú ìbínú.

"Ta ni ọ̀dàlẹ̀ tó sọ fún un?"

"Ẹ̀yin ni, ọkọ mi," ni ìyá dáhùn láàárín ẹkún. "Ọjọ́ tí ẹ yin ọmọ mi."

Ọkùnrin náà dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó wá ibì kan jókòó.

"Oníranù ọmọ!" ó wí. "Gbogbo ibi tó yẹ kó tètè dé ló ń pẹ́ dé. Ibi tó yẹ kó pẹ́ dé ló wá tètè dé."

Òun náà sunkún.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ béèrè. Ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá ńkọ́? Nọ́ọ̀sì tẹ̀lé wọn wá sílé, ó sì wọn ẹ̀jẹ̀ náà. Ó ga. Ó fún un ní oògùn rẹ̀, ó jókòó tì í títí oorun fi gbé e lọ. Wọn kò sin méjì.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ibi tí àṣìṣe wà, kí a má baà lọ mú ohun tí kò ṣẹ̀. Àwọn àgbà tó ní kí a fi ikú pamọ́ fún òbí kò ṣìnà. Ọ̀rọ̀ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀, bí ó bá já lu èèyàn lójijì, ó lè ṣe é léṣe. Wọ́n bò ó bí a ṣe ń di ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá di ọgbẹ́ mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí òun á tú u, tí òun á fọ̀ ọ́, kí ẹran ara lè hù. Ẹbí yìí di ọgbẹ́ náà dáadáa, wọn kò sì yan ẹni tí yóò tú u. Nígbà tó pẹ́, ìyá kọ́ ni wọ́n ń dáàbò bò mọ́. Ara wọn ni wọ́n ń dáàbò bò lọ́wọ́ ẹkún rẹ̀. Ẹ̀rù bà wọ́n láti wà nínú yàrá nígbà tí ìyá bá ń sunkún, wọ́n sì pe ẹ̀rù náà ní àánú.

Ìjókòó tó wà ní kíláàsì yẹn kò jí òkú kankan. Kò sì gba ipò ilé. Ẹ rí i pé ìyá ní kí wọ́n mú òun lọlé. Ohun tó ṣe ni pé ó fún ìyá àti ọmọ ní ibi tí wọ́n ti lè kọ́ ẹnu wọn ní ọ̀rọ̀ náà, títí wọ́n fi lè sọ ọ́ fún ara wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ wo ilé tiyín. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín fún. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ló ń rẹ́rìn-ín fún yín. N kò ní kí ẹ lọ já ọ̀rọ̀ lu ẹnikẹ́ni lónìí. Bí ẹnìkan bá wà tí kò tíì gbọ́, ẹ pe àgbà tó mọ̀rọ̀ sọ, ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa ìtọ́jú ara, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ ó ṣí i. Ẹ má fi í sí "títí ara á fi le."

Ṣùgbọ́n ìyẹn lè wúwo fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí tó fúyẹ́ kọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ wá ẹnìkan tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní èṣí, tí àwọn tó ń kí i ti padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn, tí orúkọ ẹni tó lọ kò sì jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ lọ bá a ní ọ̀sán. Ẹ gba àga tó bá fún yín. Ẹ pe orúkọ náà bí wọ́n ṣe ń pè é nígbà tó wà láàyè, kí ẹ sì béèrè ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹnu mọ́. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹ má wá aago wò, ẹ má sì dìde.